Ta ló ní ká máa pààrọ̀ fóònù ní ọdún méjì-méjì?

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì òní á gùn díẹ̀. Ẹ fi fóònù yín sórí iná, torí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an la fẹ́ sọ.

Ohun tó fà á rèé. Àjọ ti kàn mí. Àwa mẹ́wàá la ń dá a, ₦60,000 lóṣooṣù, tèmi sì bọ́ sí oṣù yìí. ₦600,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Kí owó náà tó wọ àkáǹtì mi ni ìmọ̀ràn ti ń wọlé. "Wá pààrọ̀ fóònù ẹ jàre. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ta ló ń lo fóònù ju ọdún méjì lọ láyé tá a wà yìí?" Ọ̀rẹ́ mi kan tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe fídíò ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fídíò la fi ń jẹun. Bí àwòrán bá ṣú, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fírísà màámi dákẹ́. Ẹja tútù ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá mọ òwò ẹja tútù mọ ohun tí fírísà tó dákẹ́ túmọ̀ sí. Màámi ò bèèrè owó lọ́wọ́ mi o. Wọ́n kàn ń ra yìnyín lójoojúmọ́ ni, wọ́n sì dín iye páálí ẹja tí wọ́n ń gbé kù.

Ni mo bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bi ara mi: ọdún méjì tí gbogbo èèyàn ń pè yìí, níbo ló ti wá? Ta ló kà á? Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ sì mọ bí àwa tá a ka ìtàn ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ò lè kọjá níwájú wa ká má bi í pé ọmọ ta ni ẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí tẹlifóònù wà nílé ẹ̀ l'Amẹ́ríkà kọ́ ló ni ín. AT&T, tí wọ́n tún ń pè ní Bell, ló ni wáyà, ló ni fóònù. Oníbàárà kàn ń yá a lò ni, ó ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń san owó ilé. Western Electric tó wà lábẹ́ AT&T ló ń ṣe fóònù náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Model 500 bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn èèyàn ní nǹkan bí ọdún 1950, ìyẹn fóònù wúwo tí wọ́n ń fi ìka yí nọ́ńbà ẹ̀ káàkiri, ẹ ti rí i nínú fíìmù. Wọ́n ń ṣe é bọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó le bí òkúta. Kí ló dé tó fi le bẹ́ẹ̀? Torí pé bó bá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ ló máa fi owó ara ẹ̀ tún un ṣe. Fóònù tó bàjẹ́, gbèsè tiwọn ni.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ wá lò ó.

Ní 1968, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé èèyàn lè so ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti AT&T mọ́ wáyà AT&T. Ní 1984, wọ́n tú AT&T ká sí wẹ́wẹ́. Láti ìgbà náà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ra fóònù tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Òmìnira ni, ó dáa, owó fóònù náà sì já wálẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan yí padà láìpariwo: ìbàjẹ́ fóònù kúrò ní gbèsè ẹni tó ṣe é, ó di gbèsè ẹni tó rà á.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ kọ "Phoebus" sísàlẹ̀ báyìí. Ẹ fara balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kejìlá 1924, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù iná, bíi Osram ti Jámánì àti Philips ti Netherlands, fẹnu kò ní Geneva pé gílóòbù kò gbọdọ̀ máa tàn ju nǹkan bíi wákàtí 1,000 lọ, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ń tan wákàtí 1,500 sí 2,000 ti wà lọ́jà. Ẹni tí gílóòbù tiẹ̀ bá pẹ́ jù á san owó ìtanràn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fóònù ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó wá ń dà bíi pé àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń pète bí fóònù wa á ṣe kú. Ti fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti ṣe tiwọn, àwa náà sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nígbà tí fóònù alágbèéká kọ́kọ́ dé, ó wọ́n bí ojú. Motorola DynaTAC, tó gba àṣẹ ìjọba ní 1983, $3,995 ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó yá tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá ọgbọ́n kan: wá gba fóònù lówó pọ́ọ́kú, kó o wá tọwọ́ bọ̀wé pé o ò ní kúrò lọ́dọ̀ wa fún ọdún kan tàbí ọdún méjì. Owó tí wọ́n dín fún ẹ, inú owó oṣooṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Bó o bá sá lọ kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á bu owó ìtanràn lé ẹ.

Steve Jobs fi iPhone àkọ́kọ́ hàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2007. Nígbà tó dé ọjà lóṣù Kẹfà, $499 ni kékeré, $599 ni ńlá. Àwọn èèyàn pariwo owó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, iPhone 3G jáde ní $199. Ṣé fóònù ló pọ̀ tó fi já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀? Rárá o. AT&T ló ń san èyí tó kù fún Apple, tí ìwọ oníbàárà náà sì ti tọwọ́ bọ ìwé ọdún méjì.

Ibí yìí ni kókó wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Bí ọdún méjì bá ti pé, o ti san owó fóònù náà tán. Àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ lóṣooṣù kò ní dín kọ́bọ̀! Bó o bá ń lo ti àtijọ́ lọ, ọ̀fẹ́ lo ń fún wọn lówó. Ẹni tó bá gbọ́n á lọ gba tuntun lọ́jọ́ tí ọdún méjì bá pé gan-an. Kì í ṣe ojúkòkòrò, kì í ṣe fáàrí. Ìṣirò ni, ìṣirò náà sì péye fún ẹni tó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Apple àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà mọ̀. Wọ́n ń gbé tuntun jáde lọ́dọọdún: 3G ní 2008, 3GS ní 2009, iPhone 4 ní 2010, 4S ní 2011. Samsung ń ṣe bákan náà pẹ̀lú Galaxy S. Lọ́dọọdún, ìdajì àwọn oníbàárà ti pé ọdún méjì, wọ́n ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó dáa. Ìyẹn l'Amẹ́ríkà. Àwa ńkọ́?

NITEL ni tiwa láti 1985. Títí GSM fi dé, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, fún èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn òbí yín, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń tò sí ọ́fíìsì NITEL láti pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. Ní oṣù Kìíní 2001, NCC ta àṣẹ GSM ní $285 mílíọ̀nù ẹyọ kan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Síìmù nìkan, kì í ṣe fóònù o, tó ₦20,000, àwọn mìíì tiẹ̀ rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde nígbà yẹn, ₦7,500 ni. Ìpè, ₦50 fún ìṣẹ́jú kan, bó o bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa yọ. Títí Glo fi dé lóṣù Kẹjọ 2003 tó ní òun á máa ka ti ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyẹn táwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ṣe pọ̀ ní gbogbo kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń ta ìpè. Ìdí nìyẹn náà tá a fi ń fi fíláṣì báni sọ̀rọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní òfin ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, "mo ti délé", ẹ̀ẹ̀mejì, "pè mí padà".

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀: àdéhùn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, káàdì là ń ra, a ó ha á, a ó tẹ nọ́ńbà, a ó lò ó tán. Kò sí ẹni tó fún wa ní fóònù ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Gbogbo owó fóònù, gbalaja, lórí tábìlì, kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún méjì kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ẹni tó san owó ẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní.

Nítorí náà, a lo fóònù pẹ́! Bàbá mi ra Nokia 3310, wọ́n lò ó títí nọ́ńbà ara ẹ̀ fi pa rẹ́. Àwa ọmọ ilé nìkan la mọ ibi tí 7 wà. Bó bá jábọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ á lọ síbí, bátìrì á lọ sọ́hùn-ún, ara ẹ̀ á wà láàárín. A ó kó wọn jọ, a ó tò wọ́n padà, ó ti tàn. Nokia ta 3310 tó 126 mílíọ̀nù. Nokia 1100 tó jáde ní 2003, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, lé ní 250 mílíọ̀nù. Tọ́ọ̀ṣì o! Ẹni tó ronú kan tọ́ọ̀ṣì yẹn mọ irú ibi tí àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gbé. Màámi ṣì ní fóònù tọ́ọ̀ṣì kan títí dòní, wọ́n fi ń ka owó nídìí fírísà bí iná bá lọ.

Èmi ò sọ pé a ò ní fáàrí o. Ẹ rántí Razr. Ẹ rántí àwọn tó ń gbé fóònù sórí tábìlì ní pátì kí gbogbo ayé lè rí i. Fáàrí wà, àmọ́ kò ní kàlẹ́ńdà.

Kàlẹ́ńdà náà dé bá wa láti ẹ̀yìn. Níbo ni ẹ rò pé fóònù táwọn Amẹ́ríkà àti àwọn ará London bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì ń lọ? Ọ̀pọ̀ ẹ̀ gba òkun àti òfuurufú kọjá, ó dé Ìkẹjà. Otigba, táwọn èèyàn ń gbé bí àdúgbò lásán títí di àwọn ọdún 1990, ti di Computer Village. A tiẹ̀ ní orúkọ fún un tẹ́lẹ̀, orúkọ tí à ń fún ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi: Tòkunbọ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀, fírísà tòkunbọ̀, fóònù tòkunbọ̀. "UK used" ni wọ́n ń pè é báyìí kó lè dún dáadáa létí.

Ẹ rántí àwọn iPhone tí wọ́n ń fi ike pẹlẹbẹ kékeré kan sábẹ́ síìmù ẹ̀ kó tó lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa? Ẹ̀rí àdéhùn yẹn nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó fi owó pọ́ọ́kú gbé fóònù náà sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ti tì í pa mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀. Fóònù náà rìn títí dé Otigba, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́run ẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà tí àwọn wọ̀nyẹn bá pààrọ̀ ni ọjà tiwa náà ń kún. Tuntun jáde lóṣù Kẹsàn-án, èyí tó ṣáájú ẹ̀ á dé sí wa, owó ẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, a ó sì rò pé ó ti tó àkókò. Àkókò tiwọn la ń tẹ̀ lé láìmọ̀.

Ọ̀nà kejì tó gbà dé ni ti Tecno. Transsion, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, kó Tecno, itel, lẹ́yìn náà Infinix wá sọ́jà wa. Wọ́n mọ̀ wá ju Nokia lọ. Síìmù méjì nínú fóònù kan, torí wọ́n mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò tó wa. Bátìrì ńlá, torí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ iná wa. Kámẹ́rà tó mọ ojú èèyàn dúdú yà. Mi ò ní bú wọn, àwọn ló fi fóònù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ owó pọ́ọ́kú ní ibi tó ń gbà padà: fún ìgbà pípẹ́, fóònù olówó pọ́ọ́kú, orúkọ yòówù kó wà lára ẹ̀, kì í pẹ́ rí update gbà.

Ọ̀rọ̀ update ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ BlackBerry. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí lẹ́yìn 2005, ẹ ò lè mọ̀. Mo wà ní JSS, àǹtí mi kan ní BlackBerry Curve, gbogbo ilé ń bọlá fún un. "Fún mi ní pin ẹ" ni bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìfẹ́ nígbà yẹn. Àǹtí mi ń san owó BIS lóṣooṣù ṣáájú kí wọ́n tó ra súùpù. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2013, BBM dé orí Android àti iPhone, àmọ́ WhatsApp ti gba ìlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n pa BBM ti gbogbogbòò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2022, BlackBerry pa iná tó kù fún àwọn fóònù àtijọ́ ẹ̀. Curve àǹtí mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó mọ́, bọ́tìnnì ẹ̀ pé. Kò bàjẹ́. Ibi tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ti pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ wo WhatsApp fúnra ẹ̀ wàyí. Ó kúrò lórí àwọn Nokia Symbian láàárín ọdún 2017. Ó kúrò lórí BlackBerry ní ìparí 2017. Ó kúrò lórí Nokia S40, bíi Asha tí ìdajì kíláàsì mi ń lò, ní ìparí 2018. Windows Phone ní ìparí 2019. Android 2.3.7 àti iOS 8 lóṣù Kejì 2020. Android 4.1 láti oṣù Kẹwàá 2023 ló di pé 5.0 ló kéré jù. iPhone tí kò lè gba iOS 15.1 lóṣù Karùn-ún 2025.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ ikú fóònù ní Nàìjíríà nìyẹn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi WhatsApp ta ẹja, ṣe ìpàdé ìdílé, gba àbájáde ìdánwò, fóònù tí WhatsApp bá kọ̀ ti kú nìyẹn, kódà bí kò ní ìbẹ́rẹ́ kan lójú. Ápù báǹkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa ṣá: Android 4.1 jáde ní 2012. WhatsApp gbé e fún ọdún mọ́kànlá! Kò jọ ọdún méjì rárá.

Kí ló wá ń pa fóònù kí ọdún mọ́kànlá tó pé? Bátìrì ni. Ẹ jẹ́ n jókòó síbí díẹ̀.

Bátìrì lithium ń gbó bí bàtà ni. Gbogbo ìgbà tó o bá gbà á sí ìkún tó o sì lò ó tán, ó ń já díẹ̀. Fún àwọn iPhone ṣáájú iPhone 15, Apple ní lẹ́yìn ìgbà 500 bẹ́ẹ̀, á ku nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára ẹ̀. Bó o bá ń gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọdún kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ooru ń mú un yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù sórí iná jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tí kò sí fáànù, ẹ gbọ́ o.

Lásìkò 3310, bátìrì kì í ṣe wàhálà. Yọ ọ́, ra òmíì, fi í sí i. Àwọn kan ní méjì, wọ́n fi ọ̀kan sórí ṣájà kékeré tó ń fi ẹ̀mú mú bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ń lo ìkejì. iPhone ló di tiẹ̀ pa láti 2007. Samsung ń bá wa yọ ọ́ títí dé Galaxy S5 ní 2014. Nígbà tó di S6 ní 2015, òun náà ti dì í. Fóònù wá tín-ín-rín sí i, ó rẹwà. Àmọ́ ohun tó ń yára gbó jù nínú ẹ̀ di ohun tí ọwọ́ ẹ kò lè dé mọ́.

Ní oṣù Kejìlá 2017, John Poole, tó ń ṣe ápù Geekbench tí wọ́n fi ń wọn bí fóònù ṣe yára tó, gbé àwọn nọ́ńbà kan jáde: iPhone tí bátìrì ẹ̀ ti gbó ń lọ́ra lẹ́yìn update. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Apple jẹ́wọ́ pé lóòótọ́, àwọn ń fà á sẹ́yìn kí fóònù má bàa máa kú lójijì. Ẹ ò rí i? Ìdí tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ wọn ò sọ fún ẹni tó ni fóònù! Ẹni náà rò pé fóònù òun ti darúgbó, ó lọ ra tuntun, nígbà tó jẹ́ bátìrì ló nílò. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì já owó bátìrì láti $79 sí $29 fún gbogbo 2018. Lẹ́yìn náà, ìjọba Faransé bu €25 mílíọ̀nù lé wọn ní 2020.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2019, Tim Cook kọ lẹ́tà sí àwọn tó ní ìpín nínú Apple pé owó tó máa wọlé ní ìdá mẹ́rin ọdún yẹn á dín: $84 bílíọ̀nù dípò $89 sí 93 bílíọ̀nù. Ọjà Ṣáínà ló kọ́kọ́ di ẹrù náà rù. Àmọ́ nígbà tó dé orí ìdí tí àwọn èèyàn ò fi pààrọ̀ iPhone bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ka mẹ́ta: àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò fi bẹ́ẹ̀ dí owó fóònù mọ́, dọ́là wọ́n, àwọn kan sì ti lọ pààrọ̀ bátìrì lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ tún un kà. Àdéhùn ọdún méjì ti ń kú láti 2013, nígbà tí T-Mobile ya owó fóònù kúrò lára owó ìpè tí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe rí iye tí fóònù ń jẹ gan-an, tí wọ́n sì rí bátìrì $29, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sídìí tiwọn. Àwọn tí ọdún méjì jẹ́ tiwọn ti kúrò nídìí ẹ̀. Àwa tí kì í ṣe tiwa là ń pariwo ẹ̀ kiri!

Àwọn tó ń ṣe fóònù náà ti mọ̀. Google ṣèlérí update ọdún méje fún Pixel 8 ní 2023, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Láti oṣù Kẹfà 2025, òfin Europe ní fóònù tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí update fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ títà á, ohun èlò àtúnṣe ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà fún ọdún méje. Tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù, ìbéèrè yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: update ẹ̀ dópin ọdún wo? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á wò yín bíi pé ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ orí ìyá wọn.

Ní tiwa, nǹkan mìíì tún ti yí padà. Oṣù Kẹfà 2023 ni CBN tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 lọ́dọ̀ ìjọba ti kọjá ₦1,400 nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó fóònù wọlé. Ìlù kan náà là ń jó o, àmọ́ owó tá a ń san fún onílù ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ₦600,000 mi.

Mo mú bírò. Fóònù ₦600,000 tí mo bá lò fún ọdún méjì, ₦25,000 lóṣù nìyẹn. Bí mo bá lò ó fún ọdún márùn-ún, ₦10,000 lóṣù. Tèmi tó wà lọ́wọ́ yìí, owó NYSC ni mo kó jọ rà á, ó ti san owó ara ẹ̀ tipẹ́. Mo wo ojú ìwé àwọn tó ṣe é: update ààbò ẹ̀ ṣì wà títí ìparí ọdún tó ń bọ̀. WhatsApp ń ṣiṣẹ́. Ápù báǹkì ń ṣiṣẹ́. Àìsàn ẹ̀, mẹ́ta: bátìrì kì í dé ọ̀sán, gíláàsì kámẹ́rà ti họ, ó sì ti kún fọ́fọ́.

Mo ti pààrọ̀ bátìrì rí, kí n má purọ́ fún yín. Ẹnì kan ta ayédèrú fún mi, oṣù mẹ́rin ló wú bí àkàrà, ẹ̀yìn fóònù là. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ gbọ́ ti àwọn tó ní kí n ra tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnjiníà tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ni mo lọ bá, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí. Bátìrì, gíláàsì kámẹ́rà, iṣẹ́ ọwọ́: ₦48,000. Mo ra ring light ₦22,000 àti máìkì kékeré kan, torí ẹ jẹ́ ká sòótọ́, iná yàrá mi ló ń ba fídíò mi jẹ́, kámẹ́rà gba ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ò gbà o. Ó ní bí iṣẹ́ ńlá bá dé tí wọ́n ní 4K tó mọ́ ni wọ́n fẹ́, ojú á tì mí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Òun pààrọ̀ tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì ti rí iṣẹ́ méjì tí èmi ò rí. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ mi, màá yá tiẹ̀ lò fún ọjọ́ kan, mo ti sọ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Màá tún ìṣirò yìí ṣe nígbà tí update bá dópin lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹnì kan l'Amẹ́ríkà bá gun orí ìtàgé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó kù lọ sórí fírísà. Tòkunbọ̀ ni, kí n má fi yín ṣeré. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, màámi wò ó, wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ṣebí o ní o fẹ́ ra fóònù?" Mo ní mo ti tún èyí ṣe. Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. "Kò burú. Lọ bá mi kó páálí ẹja yẹn wá."

Àwòrán fírísà náà wà nísàlẹ̀. Ẹ gbé e tóbi kẹ́ ẹ wo bó ṣe mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní BlackBerry nínú dúrọ́ọ̀, ẹ fi àwòrán tiyín síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká rí ẹni tí tiẹ̀ ṣì ń tàn.